Ẹ̀yìn Ẹ̀yìnlàárò

Ọkọ mi ló sọ ajá yìí ní Ẹ̀yìnlàárò
nígbà tí òun àti Múftáù ń du ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta
lẹ́bàá ọgbà wa ní Ẹ̀pẹ́.
Bó bá ti gbọ́ ìró bàtà Múftáù níta,
á ké láti inú yàrá: "Ẹ̀yìnlàárò o!"
Ajá á jí, á gbọn etí,
Múftáù á tutọ́, á kọjá.
Òwe ló ń pa. Ajá kàn ń jẹ́ ẹ ni.

Ọkọ mi ti lọ, ó di ọdún méjì.
Ajá ló kù, àti orúkọ.

Ó tóbi bí ọmọ màlúù.
Ní àárọ̀ Àlàmísì kan, lẹ́yìn òjò,
mo gbé ìrẹsì àti orí ẹja síwájú rẹ̀,
ó wò mí láti orí àpò ìdọ̀họ.
Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú. Ti ẹ̀yìn kọ̀.
Ó sunkún kan báyìí, tín-ín-rín,
ohùn tí n ò mọ̀ pé ó wà nínú ara títóbi tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà Ọ̀sínúbi wá láti Ìkòròdú lórí ọ̀kadà,
ó fi àtàǹpàkò ka egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà.
Ó kọ oògùn. Ó ní oògùn nìkan kò tó.
"Ẹ máa fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ máa fọwọ́ wọ́ ọ,
ẹ jẹ́ kó máa lúwẹ̀ẹ́: omi á bá a gbé ara,
ẹsẹ̀ á rántí iṣẹ́ ẹ̀."
Ó yọ abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ, kò sí oògùn nínú wọn,
ó gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó fi wọ́n síbẹ̀.
Mo rò pé yóò bù ú jẹ.
Ó yán. Ó sùn.
Mo ní, kí ni abẹ́rẹ́ òfìfo ń ṣe?
Ó rẹ́rìn-ín: "Ìyá, àwọn tó kọ́ wa gan-an kò tíì fẹnu kò.
Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń sùn."

Báyìí ni mo di ẹni tí ń wọ́ ajá,
èmi tí n kò wọ́ ẹsẹ̀ ọkọ mi dáadáa
nígbà tí làkúrègbé dè é mọ́ àga;
oorun ti ń gbé mi lọ kí n tó dé orúnkún.
Lálẹ́, mo ń yọ́ òrí lórí ààrò,
mo ń ti ọrùn bọ̀ wá sí ìbàdí, díẹ̀díẹ̀,
títí n ó fi bá ibi tó le bí okùn àwọ̀n tó ta kókó.
Ibẹ̀ ni mò ń dúró sí. Mi ò kí í tẹ̀ ẹ́.
N kò ní í purọ́: nígbà mìíràn mò ń bá ajá sọ̀rọ̀ ọkọ mi.

Ìlúwẹ̀ẹ́ ló kù. Ta ni yóò bá mi gbé ajá
tó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ dé etí ọ̀sà?
Múftáù yọjú lórí ògiri.
"Mo gbọ́ ẹkún ẹ̀ lóru," ló wí.
Ó ti ṣe àlùwàlá Àlásárì, kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan òun;
ó gbé bárò wá,
bárò tó fi kó iyẹ̀pẹ̀ dà sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ìjọ́sí,
àwọn ọmọ rẹ̀ fi ọ̀rá wé ọwọ́, wọ́n gbé ajá sínú ẹ̀.

Ọ̀sà tutù. Ojúoró ń rìn lọ lórí ẹ̀.
Mo wọ inú omi dé àyà tìróbìró,
ọ̀já tí mo fi pọn àbíkẹ́yìn mi
ni mo fi gbá a nísàlẹ̀ ikùn.
Ẹsẹ̀ iwájú bẹ̀rẹ̀.
Ti ẹ̀yìn ń wọ́, ń wọ́,
ó wá ta ẹ̀ẹ̀kan,
bí ẹni tí wọ́n ti ń pè látàárọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Múftáù di okùn ọrùn rẹ̀ mú létí omi.
"Wá! Ẹ̀yìn..."
Ó dánu dúró. Ó wò mí.
Ọdún mẹ́sàn-án tí a ti ń fi orúkọ yẹn nà án,
kò pè é rí.
"Ẹ̀yìnlàárò," ló wí, wẹ́rẹ́,
bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ajá yíjú sí i.

Kò tíì san tán. Àárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú, ó ṣì ń ké.
Ọjọ́rú àti Sátidé, kẹ̀kẹ́ bárò ń dún lẹ́nu ọ̀nà mi.
Ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ṣì wà ńbẹ̀.
A ò tíì sọ ọ́.