Òkè ni Sítátà Mi

Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi ń dojú ọkọ̀ kọ ìdàgẹ̀rẹ́.
Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí sítátà ti kú.
Òkè Ààrẹ tí mò ń gbé, òun ló ń bá mi ṣí i:
mo tú bíréèkì ọwọ́, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì,
ìjàpá á yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé aláró,
tó bá di iwájú géètì pupa Aláàjì, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò.
Á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì,
á sọ̀rọ̀.

Ọdún tí Láníhùn yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìjọba,
aṣọ tó fi ń nù ún ní Sátidé dára ju èyí tí mo fi ń nu ọmọ lọ.
"Ẹ rọra ti ilẹ̀kùn o! Kì í ṣe ilẹ̀kùn ilé ìdáná."
Àlejò ìbáà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, á gbọ́ tirẹ̀.
Èmi ìyàwó ńkọ́? Ẹ̀yìn ni ìjókòó mi,
ẹ̀yìn níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń kùn sí mi nídìí,
nítorí ìjàpá yìí, ìdí ló gbé ọpọlọ rẹ̀ sí.

Ìgbà tí ojú Láníhùn ń ṣe bàìbàì ni mo kọ́ ọ,
ní pápá Líbátì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.
Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wà á gba Bẹẹrẹ kọjá,
onígbàjámọ̀ kan gbé abẹ sókè, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀:
"Obìnrin ló wà nídìí ẹ̀!"
Oníbàárà rẹ̀ fi orí tí wọ́n fá dé ìdajì dìde,
ó wá wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fáànbẹ́ẹ̀tì.
Ó já ní Òkè-Pàdí, iṣẹ́ alẹ́ ń dúró dè mí ní Adéọ̀yọ́.
Mo bọ́ sítókìn funfun kan lẹ́sẹ̀.
Mùràínà mẹkáníìkì ti kọ́ mi: lọ́ ọ, so ó, fa kókó rẹ̀ le.
Bí mo ṣe dé wọ́ọ̀dù nìyẹn, ẹsẹ̀ kan nínú sítókìn, ìkejì lásán.
Mátírọ̀nù ní ìkejì dà?
Mo ní, "Ọkọ̀ ló wọ̀ ọ́ wá."

Wáyà kílọ́ọ̀ṣì já lọ́jọ́ tí a sin Láníhùn.
Jíà kejì nìkan ni mo fi wà á láti itẹ́ òkú délé.
N ò sunkún, àfi ìgbà tí mo pa ẹ́ńjìnnì.

Fẹ́yíṣará ọmọ ọmọ mi kò fẹ́ mọ ọkọ̀ wà.
Mo ní, "Wá, n ó kọ́ ọ." Ó rẹ́rìn-ín:
"Ìyá àgbà, ohun tó ń mu epo, tó ń jẹ táyà, tó ń bọ́ ọlọ́pàá,
tó tún ń sun oorun ọ̀sán lábẹ́ igi máńgòrò,
kí ni mo fẹ́ fi í ṣe?"
Ó tẹ fóònù. Ọkọ̀ kan dé, inú rẹ̀ tutù nini,
awakọ̀ tó ju bàbá rẹ̀ lọ ń pè é ní mà.
N ò bá a jiyàn. Owó tí Láníhùn fi ra ìjàpá lódindi
kò tó epo tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, fóònù kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì,
aago mẹ́jọ ni ìdánwò rẹ̀.
Ó dúró ti ìjàpá bí ẹni tó wá tọrọ gáfárà.
Mo tú bíréèkì ọwọ́. A kọjá ilé aláró.
A kọjá géètì pupa. Kò wúkọ́.
Omi ń ta sí wa lẹ́sẹ̀ látinú ihò tí ìpẹtà lu sílẹ̀ ọkọ̀.
Àwọn ọmọ ilé kéú sọ wàláà kalẹ̀, wọ́n tì wá, wọ́n ń pariwo,
ó di ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òkè ti fẹ́ tán,
ó wúkọ́.

Lẹ́nu géètì Pólì, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sọ nǹkan kan.
Ó yíjú padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì rọra ti ilẹ̀kùn.
Mo wò ó títí ó fi wọlé.
N ò pa ẹ́ńjìnnì.
Ibẹ̀ tẹ́jú jù.