Lẹ́tà Oṣù Mẹ́rìnlélógún

Ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni láti Kánò dé Ondó;
orúkọ òpópónà ni, kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́ léèrè ìwé.
Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín lọ́jọ́ Ẹtì, nínú òjò wínníwínní,
bébà lọ́yà wà nínú ọ̀rá lábẹ́ apá mi:
oṣù mẹ́rìnlélógún, kò gbọdọ̀ dín ọjọ́ kan.
Ọ̀gá àkọ́kọ́ ni kó kọ ọ́, kó sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá òyìnbó Oyèníran ti ṣe tirẹ̀ ní Òháyò.
Ó gbé iṣẹ́ náà sínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Àìkú lẹ́ẹ̀mejì,
ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri,
pé ọmọ onílẹ̀ tó bá mọ búrẹ́dì í ṣe, kó yọjú.
Irú ìpè wo nìyẹn,
tí ẹni tó ń pè ń gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ ẹ?
Ẹnì kan ṣoṣo ló wá. Ó béèrè aago tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀.
Wọ́n ní aago méjì òru.
Ó ní òun ń bọ̀. Títí dòní, ó ṣì ń bọ̀.

Baba Ṣówẹ̀mímọ́ jókòó síwájú ààrò tó ti tutù.
Wọ́n ka bébà náà, wọ́n yọ awò ojú,
wọ́n ní, "Mọ́kànlélógún ni."
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà."
"Oṣù mẹ́ta ló kù kí n dá a sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ,
nítorí àwo búrẹ́dì kan tó jóná, tí mo bá a wí.
N kò ní í fi ọwọ́ tí mo fi ń gba ara Olúwa
purọ́ fún ìjọba ẹlẹ́ni."

N kò bẹ̀ wọ́n mọ́. Kí ni mo fẹ́ wí?
Pé owó ilé ẹ̀kọ́ Adùkẹ́ wà nínú oṣù mẹ́ta yẹn?
Pé ọjọ́ tí ìwé bá wọlé ni wọ́n máa kọ mọ́ orúkọ rẹ̀,
bí ìgbà tí èèyàn bá fi kẹ́ẹ̀gì di àyè mú nídìí ẹ̀rọ omi?

Wọ́n dìde, wọ́n fa ìwé ìṣirò yọ lábẹ́ àpò òfìfo,
kí n lè fojú ara mi rí i.
Eku ti jẹ etí rẹ̀. Ìka wọn ń rìn lórí ìlà:
oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà,
oṣù keje, ibi tó ti lọ rèé.
Wọ́n ṣí ojú ewé kan sí i.
Ọwọ́ ìkọ̀wé yí padà.
Lọ́dún yẹn, Baba wà ní Igbóbì, itan wọn kán,
ìyàwó wọn ló ń di ilé búrẹ́dì mú.
"Oyèníran, àpò mẹ́rin, aago méjì."
"Oyèníran, àpò mẹ́ta, òjò."
"Oyèníran, àpò márùn-ún. Mo ti san án. Baba kò mọ̀."
Oṣù mẹ́ta ó lé ọjọ́ mẹ́jọ, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé.

Baba pa ìwé náà dé. Wọ́n tún un ṣí.
"Obìnrin yìí," wọ́n wí, sí ààrò, kì í ṣe sí èmi.
Ọdún kọkànlá rèé tó ti sùn ní Átán.

Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, torí òun ló wà nílé.
Mo lọ tẹ̀ ẹ́ ní Yábàá, mo gbé e padà, wọ́n fọwọ́ sí i.
Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ìlà méjì wà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè:

Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń kan ìyẹ̀fun, bí ẹni ń wo ibà ọmọ.
Èmi ni mo jẹ̀bi àwo tó jóná.

Lọ́yà dáhùn lóru: ó dára, ẹ yọ ìlà méjì ìsàlẹ̀.
Mo yọ ọ́.
Kẹ́ẹ̀gì wa ti wà lórí ìlà. A ò tíì mọ iye tó wà níwájú.
Ìlà méjì yẹn, n kò rí ibi tí mo lè kó wọn sí,
ni mo ṣe kó wọn síbí.