Eegun Kókósẹ̀ Àgùntàn

Dígí ni wọ́n fi ṣe ojú ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà, yìnyín ti bò ó.
Mo fi èémí yọ́ ọ, mo fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún,
mo rí i: Nomundari, ọmọ ọmọ mi,
ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

Wọ́n ní kí àwọn ará ilé dúró síta.
Mo dúró.
Èmi tí mo ti dúró ti ràkúnmí tó ń rọbí nínú ìjì,
irú ìdúró yìí, n kò mọ̀ ọ́n.

Nílé, pátákó àpótí tíì ni ọpọ́n wa,
bàbá mi ló gbẹ́ àwọn ọmọ ayò rẹ̀.
Èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní bíṣọ́ọ̀bù, ràkúnmí ni lọ́dọ̀ wa;
ilé ìṣọ́ wọn, kẹ̀kẹ́ ẹrù ni;
ẹṣin nìkan ló ń jẹ́ ẹṣin níbi gbogbo.
Àwọn kéékèèké mẹ́jọ tí ń bẹ níwájú, tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ kú,
ọmọ là ń pè wọ́n. Ọmọ lásán.
Ọ̀kan sọnù lọ́dún tí a kó àgọ́ kọjá odò,
mo fi eegun kókósẹ̀ àgùntàn dí àyè rẹ̀.
Òun ni Nomundari máa ń kọ́kọ́ tì.
"Kò lójú," ló wí, "kò lè rí ohun tó ń bani lẹ́rù."

Ike ni gbogbo ayò Khovd, wọ́n dọ́gba bí eyín inú àwòrán.
Aago ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn.
Tuguldur ló jókòó kọjú sí i, ọmọ olú ìlú,
olùkọ́ rẹ̀ ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ bàtà dídán;
ọmọ náà ń fi apá ẹ̀wù nu imú.
Ọmọdé lòun náà. Ẹ má jẹ́ n purọ́ mọ́ ọn.

Nígbà tó ṣe, Nomundari fi ràkúnmí kan tọrẹ,
ó gbé e sí ẹnu ọ̀tá bí ẹni gbé oúnjẹ fún àlejò.
Tuguldur gbàgbé imú rẹ̀.
Mo mọ̀ nígbà náà pé ọmọ mi ń borí.

Ọwọ́ rẹ̀ wá ń lọ sí ọdọ̀ ọmọ kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ọpọ́n,
tó ku ẹsẹ̀ méjì kó di ayaba,
ìka rẹ̀ kan ẹṣin.
Kíkàn lásán. Bí ìyẹ́ ṣe ń kan omi.
Òfin ni: èyí tí o bá fọwọ́ kàn ni wàá tì.
Wọ́n ní ẹyin lohùn; mo rí i lónìí pé ẹyin lọwọ́ náà.
Adájọ́ ń wo tábìlì kẹrin.
Tuguldur ń wo àjà.
Kí n sọ òótọ́: mo gbàdúrà kó ṣe bí ẹni tí kò kàn án.

Ó ti ẹṣin.

Ìyókù kò pẹ́.

Mo bá àwọn méjèèjì nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí ìkùn,
wọ́n ti to ayò padà, wọ́n ń ja ìjà àná tí kò tíì pé wákàtí kan.
"Mo kan ẹṣin yẹn," ni Nomundari wí.
"Mo rí i," ni Tuguldur dáhùn. "Mò ń wò ó bóyá wàá ṣe é."
Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Kò sunkún títí a fi kọjá afárá.
Lẹ́yìn afárá ó sunkún díẹ̀, ó jẹ wàràkàṣì gbígbẹ,
ó bi mí bóyá kí ẹṣin náà ti gba apá òsì.
N kò mọ̀. Láti ọmọ ọdún méje ló ti kọjá ibi tí mo lè mú un dé.

Nígbà tí mo gbé e wọ àgọ́, ó la ojú kan:
"Bàbá àgbà, ọmọ yẹn ni mo fẹ́ tì."
Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ṣí, ó ṣófo.
Mo padà síta, mo di tọ́ọ̀ṣì mẹ́nu,
mo ń wá eegun nínú yìnyín.