Ìwé Pupa ní Hílò

Ọdún mẹ́ta la fi dá àjọ ní Hiúsítìn,
àádọ́ta dọ́là lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi lakọ̀wé.
Ìwé pupa ni; epo ọkọ̀ ta sí ojú ewé kan.
A ò ra ilẹ̀. A ò ṣe òkú ẹnikẹ́ni.
A ní ká lọ Hawáì, ká lọ fò, ká wọdò,
ká gun òkè bí ẹni tí orúnkún kò dùn rí.
Nínú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́, ìkùukùu kan ò sí.

Kò sẹ́ni tó wí fún wa pé ní Hílò,
òjò lonílé, ayálégbé loòrùn.

Ọjọ́ kìíní, òjò.
Ọjọ́ kejì, òjò mú àwọn ẹbí rẹ̀ dání.
Wọ́n fagi lé ọkọ̀ àjẹ̀. Wọ́n fagi lé okùn
tí à bá so mọ́dìí, ká fi fò kọjá lórí igbó.
Ògúnṣakin ra bàtà òkè ní igba dọ́là;
ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń wo bàtà,
bàtà ń wò ó.

Ní ọjọ́ kẹta ni Kawíka dé, afinimọ̀nà wa,
ọmọ bíbí erékùṣù, ẹsẹ̀ lásán, kò lágboòrùn.
Ó wò wá bí a ti fún pọ̀ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní,
"Ṣé iyọ̀ ni yín ni?"
Ọ̀rọ̀ ìyá mi gan-an. Ta ló gbé e débí?

Àwa méje wọgbó.
Ẹrẹ̀ di ẹsẹ̀ mú bí ológò.
Bàtà igba dọ́là ló kọ́kọ́ la ẹnu.
Ìbídùn ń lọ níwájú, Sìkírátù ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá,
bí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà
tí irínwó dọ́là ti pòórá nínú àjọ,
tí èkíní ń fura sí èkejì.
Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa:
ó pa wọ́n dọ́gba.

A kọjá odò kan tí kò ju kókósẹ̀ lọ.
Nígbà tí a bojú wẹ̀yìn, ó ti dé àyà,
ó ń gbọn òkúta bí ọmọ ayò.
Kawíka nawọ́: ká dúró.
Wákàtí mẹ́ta, ó ní, ó lè jẹ́ mẹ́rin.

Ibi tí a dúró sí, oko kókò ni.
Kókò! Ewé tí a fi ń borí bá a bá ń ti ilé-ìwé bọ̀,
tí omi ń yí gbirigbiri lórí rẹ̀
tí kò sì rin ín.
Ògúnṣakin já ọ̀kan, kò bèèrè, ó fi borí.
Kawíka kò bínú. Ó ní kálò lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn,
ẹ̀gbọ́n ọmọ ènìyàn ni, òun ni wọ́n kọ́kọ́ bí.
Ó tú àpò, ó gbé abọ́ jáde,
kókò gígún, àwọ̀ eérú tó pọ̀ mọ́ elésè àlùkò,
ó kan bí ògì ọjọ́ kẹrin.
Ó ní, bí abọ́ yìí bá ti wà ní ṣíṣí,
a kì í jà, a kì í sọ̀rọ̀ burúkú.

Ìka Ìbídùn àti ìka Sìkírátù pàdé nínú abọ́.
Kò sẹ́ni tó fà sẹ́yìn.
"Ó fẹ́ iyọ̀," ni Sìkírátù wí, abọ́ ló ń wò.
"Ó fẹ́ ata," ni Ìbídùn wí, òun náà ń wo abọ́.
Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù mẹ́rìnlá.

Èmi nìkan ni mi ò lè gbé tèmi mì.
Lábẹ́ àbàwọ́n epo yẹn, ní ojú ewé kọkànlélógún,
irínwó dọ́là wà níbẹ̀, pípé.
Mo rí i láti ọdún Kérésì, mo pa ìwé dé.

Mo sọ ọ́. Òjò ń lu ewé, wọn ò gbọ́.
"Kí lo wí?"
Ǹ bá sọ pé omi ti ń fà ni.
Mo wo abọ́. Ó ṣì wà ní ṣíṣí.
Mo tún un sọ, mo pariwo rẹ̀,
títí kan orúkọ mi.