Ẹ̀ṣẹ̀ Karùn-ún

Èmi ni mo ń kọ ìwé àmì ní pápá Òkè-Báálẹ̀,
ọdún mọ́kàndínlógún lórí àga onírin kan náà,
bíírò dúdú fún ayò, bíírò pupa fún ẹ̀ṣẹ̀.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Eré ni wọ́n ń pè é,
àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lorúkọ ohun tí mò ń kà.

Agbọ̀n ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí.
Agbọ́n ló wà nínú rẹ̀.
Ẹni tó bá gbójú sókè wò ó, àgbọ̀n rẹ̀ ló ń wú.

Olóyè Gbàdéró ní ilé epo lójú ọ̀nà Ìkìrun,
Alájì Múráínà kọ́ tirẹ̀ sí òdìkejì títì,
ó dín náírà méjì lórí lítà kan.
Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti jókòó sábẹ́ àtíbàbà kan náà mọ́.
Olóyè ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan bí ẹni ra àgbò;
kí oṣù tó lé, Alájì ti ra òmíràn.
Kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn
pé ẹni tó jù ú láti ẹ̀yìn ìlà ń gba àmì mẹ́ta.
Ojú ara wọn ni wọ́n ń wò láti orí àga onítìmùtìmù,
àwọn ọmọ gígùn ń sáré láàárín wọn
bí òǹkà tí ń sáré lójú ẹ̀rọ epo.

Láṣùnkànmí ga ju ilẹ̀kùn ilé ìyá rẹ̀ lọ.
Ó ti mọ́ ọn lára láti máa tẹrí ba kó tó wọlé,
nítorí náà gbogbo èèyàn ní ọmọ náà níwà.
Ó níwà lóòótọ́. Oṣù márùn-ún ni Olóyè ò sanwó,
ó ń mu gààrí, ó sì ń fò kan agbọ̀n.
Ọkùnrin kan wá láti Èkó, bàtà rẹ̀ ń dán,
ó ní òun yóò mú un dé Tọ́kì,
kó ṣáà tọwọ́ bọ̀wé: ìdajì ohun tó bá rí,
títí ọjọ́ tí orúnkún rẹ̀ bá yẹ̀.
Láṣùn ní kí òun kọ́kọ́ gbé ìwé náà délé, kí òun kà á.
Kíkà yẹn ló bí wọn nínú.

Lálẹ́ ọjọ́ tí àṣekágbá ku ọ̀la,
Kóòṣì Gbólágadé, kóòṣì tirẹ̀ gan-an, kan ilẹ̀kùn mi.
Kò jókòó. Ó gbé láílọ́ọ̀nù dúdú sórí fìríìjì
tí kò ṣiṣẹ́ láti Iléyá èṣí.
"Bàbá Oníwèé, ẹ̀ṣẹ̀ kan péré."
Ẹ̀yin náà ń fẹ́ mọ iye rẹ̀. Mi ò ní sọ.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pé.
Owó ilé-ìwé Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ ń bẹ nílẹ̀.
Ẹ wò ó, mo tún ti ń wá àwáwí.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù, àmì kan ló wà láàárín wọn.
Láṣùn fò. Ẹnì kejì rẹ̀ ló gbá alátakò lọ́wọ́.
Réfírì fọn fèrè, ó gbé ìka sókè,
nọ́ńbà méje ló fi hàn, mo rí i kedere.
Bíírò pupa lọ sórí mọ́kànlá.
Karùn-ún.
Ọmọ náà wojú mi. Kò jiyàn.
Ó tẹrí ba bí ẹni fẹ́ wọlé,
ó jáde.

Alájì gba ife. Olóyè ta ẹgbẹ́, ó fowó rẹ̀ ra ọkọ̀ epo.
Ọkùnrin Èkó yẹn,
abẹ́ àtíbàbà méjèèjì ló ti ń jẹun.

Àná, Láṣùn wá sílé mi pẹ̀lú ọmọ mẹ́wàá,
ó ń tiro díẹ̀. Ó ní òun ti rí pápá kan ní Òkinni,
kí n wá kọ́ wọn bí a ṣe ń ka ẹ̀ṣẹ̀,
"nítorí ọwọ́ yín ló mọ́ jù ní gbogbo Òṣogbo."
Mo mú bíírò. Àwọn ọmọ tẹ́tí.
Mo ní: ẹ̀kínní. Ẹ̀kejì. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin.
Ikọ́ bá gbé mi.
Wọ́n sáré lọ bu omi wá.