Ìwé Òjò

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ní Lálúpọn.
Àpò irúgbìn kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi
bí àlejò tí kò sọ ọjọ́ tí yóò lọ.
Wọ́n ti fi oògùn pupa ra àgbàdo inú rẹ̀ lára:
kò ṣeé lọ̀ ṣe ògì, kò ṣeé dà fún adìẹ.
Bí kò bá wọlẹ̀ lọ́dún yìí, kòkòrò ni yóò jogún rẹ̀
kí Ẹ̀rẹ̀nà tó dé.

Owó ìfẹ̀yìntì oṣù méjì ni mo fi rà á ní Bódìjà
nígbà tí Ògúndoyin oníkatakata dá ọjọ́ sí Ọjọ́rú.
Ọjọ́rú mẹ́ta kọjá.
Ó ní dìẹ́sẹ̀lì ti gbówó lórí. Ó ní táyà. Ó ní àna òun kú.
Ìgbà tó fi dé, àwọn tó fi ọkọ́ kọ ebè,
àgbàdo tiwọn ti ga tó orúnkún ọmọdé.
Wọ́n ní àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ,
àfi èyí tó bá gun orí ebè.
Ó dáa. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀.

Mo ní ìwé kan, ìwé ọmọ iléèwé,
irú èyí tí wọ́n tẹ ìsodipúpọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ òjò sínú rẹ̀.
Kò sí àrọ̀kúrò tí n kò mọ ọjọ́ ìdágbére rẹ̀:
ọdún kan, ọjọ́ kẹrin oṣù Bélú;
ọdún mìíràn, ọjọ́ kọkàndínlógún Ọ̀wàrà.
Ọdún yẹn ni mo ya àgbàdo tó dà bí ẹnu arúgbó,
eyín kan níhìn-ín, eyín kan lọ́hùn-ún.
Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà fẹ́ àádọ́rùn-ún ọjọ́.
Mo ṣírò, mo tún un ṣírò:
àárín oṣù Ọ̀pẹ́ ló ń já sí.
Òjò tí yóò dúró tì í nígbà tó bá ń yọ irun
ni n kò rí nínú ìwé.

Lálẹ́ àná, àbúrò mi Ládépò pè láti ilẹ̀ òtútù,
níbi tó ti ń wa ẹ̀rọ lóko àlìkámà ẹni ẹlẹ́ni.
Ó ní ọ̀gá òun náà ò sùn.
Bí wọ́n bá gbìn ín báyìí, tó hù kí yìnyín tó dé,
yóò sùn lábẹ́ yìnyín bí ọmọ lábẹ́ ìró ìyá,
yóò jí nígbà ìrúwé.
Bí wọ́n bá pẹ́, òtútù á pa á ní jòjòló.
Mo bi í pé, "Ṣé yìnyín ń pa á ni, àbí ó ń dáàbò bò ó?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó kù sí ọjọ́ tó bá bọ́ sí."

Tiwa ò ní aṣọ ìbora.
Ọyẹ́ kì í bo nǹkan,
bíbó ló ń bó o: ètè, ewé, ọ̀dà ara ilẹ̀kùn.

Bàbá Oyèékànmí tí a jọ pààlà ní kí n gbin ẹ̀wà,
pé ẹ̀wà kì í bèèrè omi púpọ̀.
Òótọ́ ni.
Ẹ̀wà kọ́ ló wà nínú àpò.

Láàárọ̀ yìí mo ti ìka bọlẹ̀.
Oríkèé kìíní, ilẹ̀ tutù. Ìkejì, ó tutù.
Ìkẹta, mo yọ ìka mi kí n tó mọ̀.
Lékeléke mẹ́ta fò láti ọ̀nà Ìwó wá,
mẹ́ta péré. N kò kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo fi gìgísẹ̀ lu ihò kan.
Mo ju ẹyọ méjì sí i, mo fi ẹsẹ̀ wa erùpẹ̀ bò ó.
Ọwọ́ mi pọ́n.
N kò tí ì pinnu.
Ẹsẹ̀ mi ti wà níbi ihò kejì.