Ilé Ẹlẹ́sẹ̀ Rọ́bà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi dúró lẹ́yìn àká bàbá wa
ní Montana, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ ju ènìyàn lọ,
ìdí rẹ̀ nínú koríko, imú rẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn,
bí ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì gbàgbé.
Ẹ̀gbọ́n mi Verna ló ní ká tún un ṣe.
Mo ní, "Kí la fẹ́ fi ṣe?"
Ó ti mú sukudiráfà dání.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́.
Páànù yìí ò lanu.
Ó ń dán lójú oòrùn bí owó fàdákà.
Àmọ́ nígbà tí a tú síkúrù mẹ́rìnléláàádọ́fà,
tí a ká awọ rẹ̀ sẹ́yìn,
pákó inú rẹ̀ ti rí bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi.
Mo fi ìka kan tì í. Ìka mi kọjá.
Èkúté ti fi tìmùtìmù ìyá wa ṣe yàrá ìkúnlẹ̀,
agbọ́n ti kọ́lé sínú sítóòfù.
Verna jókòó sórí garawa tí a dojú rẹ̀ dé.
Kò sunkún. Ó ní, "Ó dáa.
Ó kéré tán, a ti mọ ibi tó ń dùn ún."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ilé yìí rìnrìn àjò.
Ọdún 1968. Bàbá ní òkun là ń lọ.
Ìyá wa ti ra fìlà, Verna ti ra ṣọ́bìrì kékeré fún iyanrìn,
èmi ọmọ ọdún mẹ́fà ń bèèrè bóyá òkun máa ń sùn.
Lórí òkè kan ní Idaho, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀ dún kàù,
ilé kúnlẹ̀ sọ́tùn-ún.
Ọjọ́ mọ́kànlá la fi gbé ẹ̀gbẹ́ ilé epo ọ̀gbẹ́ni Hruska,
à ń retí irin láti Spokane.
Ìyá ń din ẹyin, àwọn awakọ̀ agégẹdú ń rà á.
Bàbá, tí kì í rẹ́rìn-ín nílé,
rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.
Òjò rọ̀ lóru kẹrin, àjà jò,
ìyá gbé ìkòkò sábẹ́ rẹ̀,
tó, tó, tó,
a sùn bí òkúta.
Nígbà tí irin dé, owó ti tán.
A yí padà sílé.
Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ òkun mọ́.

Oṣù méje. Verna ń gé pákó, èmi ń ha ìpẹtà.
A jà lórí àwọ̀ ìlẹ̀kùn:
mo fẹ́ àwọ̀ ewé tí Bàbá kùn ún, òun fẹ́ àwọ̀ ìyeyè.
Fún ọjọ́ mẹ́ta a ò sọ nǹkan kan fúnra wa
àfi "Gbé e sókè" àti "Sọ ọ́ kalẹ̀."
Ìyeyè ló borí.
Ó dára ju tèmi lọ; mi ò tíì sọ fún un.

Ní oṣù Kẹsàn-án a so ó mọ́ ìdí ọkọ̀. Òkun là ń lọ.
A gun òkè Idaho. Verna dẹsẹ̀, ó yà.
Ilé epo ti di ahoro,
igi ti hù gba àárín ibi tí Hruska máa ń jókòó sí.
"Ká kàn mu kọfí," ló wí.
Oòrùn wọ̀. A ò tíì dìde.
Òjò bẹ̀rẹ̀.
Verna gbé ọwọ́ sí àjà, ó ń tọ ojú ibi tí mo fi gọ́ọ̀mù dí
bíi dókítà tó ń wá ibi tí ikùn ti le.
Ó gbẹ. Ó gbẹ. Ó gbẹ.
Ní igun kan, lókè orí mi, ẹ̀kán kan.
Ó wò mí. Mo wo kọfí mi.
Ó na ọwọ́, ó mú ìkòkò, ó gbé e sábẹ́ rẹ̀,
tó,
ó sì pa iná.